Ọmọ Odó Àwẹ̀ró

Ní ìlú Ìpéró láyé àtijọ́, bí àlejò bá ń wá ilé Ọdẹ́tókun ọdẹ, àpèjúwe kan ṣoṣo ti tó o: "Wá ọkùnrin tí kò ní irun ìpéǹpéjú lójú òsì." Wọn ò bí i bẹ́ẹ̀. Ìbọn ló jó o. Ọwọ́ òsì ni Ọdẹ́tókun ń lò, ojú òsì rẹ̀ ló sì mú jù, ṣùgbọ́n ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni alágbẹ̀dẹ ìlú ń rọ ìbọn fún. Apá ọ̀tún ni ihò ẹ̀tù máa ń wà. Bí Ọdẹ́tókun bá gbé ìbọn sí èjìká òsì, tó di ojú kan, tó fà á, ẹ̀tù á gbiná, fòò, ó di ojú rẹ̀. Ta ni yóò mọ ibi tí ọta gbà lọ nígbà tí irun ojú rẹ̀ ń jó?

Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ni ìyà ọ̀rọ̀ náà ń jẹ jù. Epo pupa ni Àwẹ̀ró ń tà, obìnrin tí í sọ ojú abẹ níkòó sì ni. Bí epo rẹ̀ bá ti ń kan, á sọ fún oníbàárà pé ó ti ń kan, á sì tún tà á fún un. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, nígbà ọdún Ògún, àwọn ọdẹ Ìpéró máa ń pàdé létí odò Ayin. Wọn á gbé ìbẹ́pẹ dúdú lé orí òpó lódìkejì odò, kálukú á yìnbọn sí i. Ẹni tó bá fọ́ ọ ni yóò ṣíwájú ọdẹ títí ọdún yóò fi yípo. Ẹni tó bá kẹ́yìn ni yóò máa ru ẹran tí àwọn yòókù bá pa. Ọdẹ́tókun ti ru ẹran títí àárín orí rẹ̀ fi pá. Bí Àwẹ̀ró bá lọ pọnmi, àwọn obìnrin á máa kí i pé, "Ìyàwó aláàárù, ẹ kú ọrùn o."

Akíntẹ́lù ló tún wá da iyọ̀ sójú egbò. Akíntẹ́lù yìí ló ń fọ́ ìbẹ́pẹ lọ́pọ̀ ìgbà. Ó fún ara rẹ̀ ní orúkọ kan, ó ní Àìyẹ̀ ni òun, ọkùnrin tí kì í yẹ̀ fún ẹfọ̀n, tí kì í yẹ̀ fún ikú. Níbi ìpàdé ọdẹ, ó dìde, ó ní, "Olúọ́dẹ, ẹgbẹ́ ọdẹ lèyí, kì í ṣe ẹgbẹ́ aláàárù. Ẹni tó bá tún kẹ́yìn lọ́dún yìí, kó gbé ìbọn sílẹ̀, kó lọ máa gbin ẹ̀gẹ́." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Kò sí ẹni tó dárúkọ Ọdẹ́tókun. Kò sí ẹni tí kò wo ojú rẹ̀.

Bàbá Ọdẹ́tókun, ọdẹ ni. Bàbá bàbá rẹ̀, ọdẹ ni. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbin ẹ̀gẹ́. Ó lọ bá alágbẹ̀dẹ.

"Ìbọn tí ihò ẹ̀tù rẹ̀ wà lápá òsì ni mo fẹ́."

Alágbẹ̀dẹ ní, "Bí mo ṣe ń rọ ọ́ fún bàbá rẹ kọ́ nìyẹn."

"Bàbá mi kì í ṣe ọlọ́wọ́ òsì."

"Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ irin," ni alágbẹ̀dẹ wí, ó ń fẹ iná rẹ̀ lọ.

Ọdẹ́tókun délé, ó yọ ọ̀pá ìbọn bàbá rẹ̀ lókè àjà, ó sì gba ilé ìdáná lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Báyìí ni ilé ìdáná Àwẹ̀ró ṣe di ilé arọ. Abẹ̀bẹ̀ tó fi ń fẹ́ná ọbẹ̀ ló di ewìrì. Odó rẹ̀ ló di ohun tí wọ́n ń de irin mọ́. Ọdẹ́tókun dí ihò ẹ̀tù àtijọ́, ó lu òmíràn sápá òsì. Ó na òwú la inú ọ̀pá náà kọjá, ó gbé e sókè, ó ń wo ojú ọ̀run láti ihò rẹ̀.

"Ó tẹ̀," ló wí.

Àwẹ̀ró, tó ń fi ẹsẹ̀ wá ibi tí yóò gbé ìkòkò lé, ní, "Níbo ló ti tẹ̀?"

"Ó tẹ̀ díẹ̀. Bí irun orí kan."

"Bàbá Ọdẹ́bùnmi, bí irun orí mi kan bá tẹ̀, ta ló máa rí i?"

"Ìbẹ́pẹ á rí i," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn, ó tún ti ọ̀pá bọ iná.

Àwẹ̀ró mú un mọ́ra. Ohun tí kò mú mọ́ra ni ti ọmọ odó. Igi ayan ni ọmọ odó náà, ìyá rẹ̀ ló fún un lọ́jọ́ tó ń lọ ilé ọkọ. Ó ti oko epo dé lọ́jọ́ kan, ó bá Ọdẹ́tókun tó ti là á, tó ti gbẹ́ ẹ di ìdí ìbọn. Ó ń gbé e mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń gbé e kúrò, ó ń fá a díẹ̀, ó tún ń gbé e mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tí igi ń sọ ọ̀rọ̀ àṣírí fún.

"Ẹ̀yin bàbá yìí! Ọmọ odó ìyá mi!"

"Ayan ni, Àwẹ̀ró. Ayan kì í sán. Ó bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mu bíi pé wọ́n bí wa pọ̀."

"Kí ni kí n fi gúnyán?"

"Ṣé aláàárù lo fẹ́ kí n jẹ́ títí ayé ni?"

Ẹ̀kọ ni wọ́n jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà àti lálẹ́ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e.

Ó wá ku apátí, irin kékeré tó tẹ̀ bí ìkọ́, èyí tí ọdẹ ń fà kí ìbọn tó lè dún. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ọdẹ́tókun rọ apátí, ó ní ó wúwo. Ó rọ òmíràn, ó ní ó ń fa ẹnu ìbọn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó rọ èyí tó dára, ó rì í sómi, ó ṣẹ́ kán-ín.

"Omi ń mú irin le jù ni," ló wí, ojú rẹ̀ ń lọ sí igun tí ìkòkò epo wà. "Epo ló máa tù ú lára."

Àwẹ̀ró rí ibi tí ojú náà ń lọ. "Epo ta ni? Ẹ fọwọ́ kan epo mi, kẹ́ ẹ wá wò ó bí n ò bá ní fi ọ̀pá ìbọn yẹn rokà."

Ọkùnrin tí wọ́n bá kìlọ̀ fún báyìí, ohun méjì ló lè ṣe: kó gbọ́, tàbí kó dúró dìgbà tí ìyàwó bá jáde. Nígbà tí ọdún Ògún ku ọ̀la, Àwẹ̀ró lọ sódò. Ọdẹ́tókun yọ apátí tó rọ kẹ́yìn nínú iná, ó pọ́n bí ojú ẹyẹ àgbìgbò, ó sì jù ú sínú ìkòkò epo tó kéré jù. Ó dún ṣììì. Ó bo ìkòkò, ó ní kó sùn síbẹ̀ kó tù dáadáa, òun yóò yọ ọ́ láàárọ̀. Kò wí nǹkan kan fún ìyàwó rẹ̀.

Láàárọ̀, ó wẹ̀, ó wọ gbérí ọdẹ, ó ki ẹ̀tù àti ọta sínú ìbọn, ó wọ ilé ìdáná. Igun ṣófo.

"Àwẹ̀ró, ìkòkò kékeré tó wà níbí ńkọ́?"

"Mo ti tà á. Ìyá alákàrà ará Abà Onígbó ló gbé e lọ, ìkòkò àtepo. Kí ló dé?"

Ọdẹ́tókun jókòó sórí odó. Nígbà tó jẹ́wọ́ tán, Àwẹ̀ró pàtẹ́wọ́. Ó ya ẹnu pé kó bú u, ó wá rí bí ọkùnrin náà ṣe gbé ìbọn sórí itan bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Abà Onígbó jìnnà. Bí ọdẹ kò bá sì yọjú, òun ló kẹ́yìn nìyẹn.

"Ẹ dìde," ló wí. "Ẹni tí wọ́n fẹ́ lé, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló yẹ kó fi débẹ̀."

Wọ́n dé etí Ayin. Olúọ́dẹ jókòó lórí àga rẹ̀, àgbà tí ìró ìbọn ti sọ etí rẹ̀ di aláìgbọ́ràn. Àwọn obìnrin dúró lẹ́yìn okùn màrìwò, nítorí obìnrin kì í fọwọ́ kan ìbọn lójú agbo yẹn. Àwọn ọdẹ yìnbọn títí, ìbẹ́pẹ ń wò wọ́n. Akíntẹ́lù nìkan ló họ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń jó kiri bíi pé ó pa erin. Wọ́n pe Ọdẹ́tókun.

Ó tú aṣọ lára ìbọn. Wọn ò rí irú rẹ̀ rí. Igi ayan ń dán, ọ̀pá rẹ̀ tọ́ bí okùn tí wọ́n na, ihò ẹ̀tù wà lápá òsì tónítóní. Akíntẹ́lù pàápàá kọ́kọ́ na ọrùn wò ó. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Apátí dà?"

Ọdẹ́tókun ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wá wò ó! Ó fi gbogbo ọdún rọ ìbọn, kò lápátí! Kí nìyẹn fi yàtọ̀ sí ọmọ odó?"

Ẹ̀rín gba agbo. Olúọ́dẹ tẹ́ etí. "Kí ló ní ó jẹ́?"

"Ọmọ odó ni, bàbá!" Akíntẹ́lù fa àdá yọ, ó fi ahọ́n kan ojú rẹ̀. "Mo fi irin búra, kì í ṣe ìbọn. Ọmọ odó ni. Ọkùnrin yìí kò gbé ìbọn wá, òun ló kẹ́yìn, kó máa lọ soko ẹ̀gẹ́!"

Olúọ́dẹ mi orí. Ó gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ sókè láti yọ Ọdẹ́tókun lẹ́gbẹ́. Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró ti la okùn màrìwò kọjá.

Ariwo sọ. "Obìnrin! Obìnrin kì í fọwọ́ kan ìbọn!"

"Ìbọn dà?" Àwẹ̀ró wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ṣé kì í ṣe etígbọ̀ọ́ gbogbo wa ni Bàbá Àìyẹ̀ fi irin búra? Ọmọ odó ni wọ́n ní ó jẹ́, òótọ́ ni wọ́n sì sọ, tèmi ni. Ìyá mi ló fún mi. Mo wá gbé e, mo fẹ́ lọ gúnyán."

Bí wọ́n bá ní kó má fọwọ́ kàn án, ìbọn ni. Bí wọ́n bá ní ọmọ odó ni, kó máa gbé e lọ. Ọkọ rẹ̀ ní, "Rọra o, Àwẹ̀ró. Mo ti ki ẹ̀tù sí i."

Àwẹ̀ró gbé e há abíyá gẹ́gẹ́ bí obìnrin ti í gbé ọmọ odó, ó sì yípo láti kí àwọn àgbà pé ó dàbọ̀. Ẹnu ìbọn bá a yípo. Ibi tó bá kọjú sí, àwọn ọdẹ ń ṣubú lulẹ̀ bí erèé tó tú nínú igbá. Ẹni tó ti pa ẹkùn rí dọ̀bálẹ̀. Olúọ́dẹ wọ abẹ́ àga. Nígbà tó kan Akíntẹ́lù, ẹnu ìbọn wo ìdodo rẹ̀ ṣàn-án.

"Ẹ ṣé o, Bàbá Àìyẹ̀, ẹ̀yin lẹ bá mi gba ọmọ odó mi."

Àìyẹ̀ yẹ̀. Ó fò sẹ́yìn igi kan. Àwẹ̀ró, tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé, kì í kí àgbà kó má wo ojú rẹ̀. Ó yí tẹ̀ lé e. Akíntẹ́lù sá sẹ́yìn àga Olúọ́dẹ. Àwẹ̀ró yí tẹ̀ lé e. Akíntẹ́lù ké, ó bẹ́ sínú odò Ayin tòun ti gbérí, ó ku orí nìkan lókè omi.

"Ẹ gbà mí, kí lẹ ń sá fún?"

"Gbé ẹnu ẹ̀ kúrò lára mi!"

"Ẹnu kẹ̀? Ọmọ odó wo ló lẹ́nu?"

"Ìbọn ni! Mo ní ìbọn ni!"

"Ṣebí kò lápátí."

"Ó lápátí, kò lápátí," ni Akíntẹ́lù ń ké, omi ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu, "ta ló máa jẹ́ kí wọ́n kọjú ẹ̀ kọ òun!"

Àwẹ̀ró gbé ìbọn lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó padà sẹ́yìn màrìwò. Olúọ́dẹ rá jáde lábẹ́ àga, ó gbọn fìlà rẹ̀. "Akíntẹ́lù fi ahọ́n búra pé kì í ṣe ìbọn. Ó sì fi ẹsẹ̀ jẹ́rìí pé ìbọn ni. Ẹ̀rí ẹsẹ̀ ni mo gbà. Ọdẹ́tókun gbé ìbọn wá. Kó lọ wá apátí rẹ̀, a ó dúró dè é di ọjọ́ ọjà. Ẹni tó búra èké níwájú irin ni yóò ru ẹran lọ́dún yìí."

Kí ọjọ́ ọjà tó pé, ìyá alákàrà gbé ìjà dé láti Abà Onígbó, ó ní ohun kan ń dún kọ́lọ́ kọ́lọ́ nídìí agbada òun, àwọn oníbàárà sì ń sọ pé òun ń din irin. Ọdẹ́tókun dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún un kó tó gba apátí náà. Epo ti tù ú lóòótọ́. Létí Ayin, ó gbé ìbọn sí èjìká òsì, ó fà á kẹ́rẹ́. Iná gba ọ̀hún lọ, kò kan ojú rẹ̀, ìbẹ́pẹ sì fọ́ yángá sínú odò.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí aṣíwájú ọdẹ tuntun ṣe ni pé ó gbẹ́ ọmọ odó mìíràn fún ìyàwó rẹ̀. Àwẹ̀ró gbé e sójú oòrùn, ó di ojú kan, ó ní, "Ó tẹ̀ díẹ̀. Bí irun orí kan." Ọdẹ́tókun gbà á, ó tún un gbẹ́.

Ọ̀pọ̀ ló ti gbàgbé ẹni tó fọ́ ìbẹ́pẹ lọ́dún náà, ṣùgbọ́n igbe tí Akíntẹ́lù ké nínú omi kò kúrò lẹ́nu àwọn àgbà, òun ni wọ́n sì sọ dòwe títí dòní pé: ìbọn lápátí, kò lápátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ kọ òun?