Orúkọ Tí Ọdẹ́rìndé Lọ Gbà Bọ̀ Nínú Igbó Aláhọ́n

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí, ẹ pa ẹnu mọ́, nítorí inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ọdẹ́rìndé ọmọ Ọdẹ́jàre, ará Òkè-Arò, kò torí ẹran wọ Igbó Aláhọ́n; orúkọ bàbá rẹ̀ ló wá lọ. Ọdẹ́jàre yìí ló gba òyìnbó kan lẹ́nu ẹkùn, tí òyìnbó fi ta á lọ́rẹ ìbọn tí wọ́n kọ "invincible" sí lára. Jóṣúà akọ̀wé, ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀wé nílùú, wò ó fìrí, ó ní, "Aláìlèṣẹ́gun." Ẹni tí kò lè ṣẹ́gun! Ọmọdé fi kọrin, àgbà fi rẹ́rìn-ín, títí ìtìjú fi sin arúgbó náà dé ibojì. Jóṣúà tún gbẹ́ ẹ sára pátákó orí ibojì! Ọdẹ́rìndé ki ìbọn, ó ní, "Ẹni tí a gbà lẹ́nu ẹkùn kì í bú ẹni tó gbà á. Irọ́ ni! Ṣùgbọ́n bí mo bá pa Jóṣúà, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́ ńkọ́?" Ló bá gba ọ̀nà Igbó Aláhọ́n lọ, níbi tí iwin tó gbọ́ gbogbo èdè ń gbé.

Àwọn igi ibẹ̀ ń pe ènìyàn lórúkọ tí ayé sọ ọ́. "Ọmọ Aláìlèṣẹ́gun, ẹ ǹ lẹ́ o!" Ó fi àdá ṣá wọn, ẹnu wọn sì di méjìméjì. Ó di etí, ó ń lọ, títí ó fi bá iwin aláhọ́n méjìlá lórí òkìtì ọ̀gán.

"Ọmọ ènìyàn, ta ló rán ọ sí mi?"

"Ìbínú ni, bàbá. Kí ni invincible?"

"Ahọ́n tìrẹ yóò gbè ọ́. Jẹ́ kí ti Jámánì sọ ọ́, kò mọ bàbá rẹ rí." Iwin yọ ahọ́n keje: "Unbesiegbar. Un ni àì. Besieg ni ṣẹ́gun. Kí ni bar? Omi tó mọ́, trinkbar ni wọ́n ń pè é. Trink sì ni mu. Bí o bá gbà á tì, n ó jẹ ọ́."

Ọdẹ́rìndé ronú títí òógùn fi bò ó. Ṣé omi ń mu ni? Rárá, a ń mu ún ni. Ó pariwo: "Bar ni ṣeé! Aláìṣeéṣẹ́gun! Ẹni tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣẹ́gun ni bàbá mi!" Ó sunkún, ó sì gbá ìbọn mú.

"Ta lo fẹ́ yìn ín fún?"

"Jóṣúà ni."

"Bí Jóṣúà bá sọ ọ́ di apànìyàn, ó ti ṣẹ́gun rẹ nìyẹn. Ọmọ Aláìṣeéṣẹ́gun wá dà?"

Ọdẹ́rìndé tú ẹ̀tù dà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tú ìbínú dànù. Ó délé lọ́sàn-án gangan, ó wọ́ Jóṣúà lọ síbi ibojì lójú gbogbo ìlú, ó sì sọ ohun tí invincible jẹ́ gan-an.

"Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ kékeré kan péré ni mo ṣì," ni Jóṣúà wí.

"Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Gba ọ̀bẹ!"

Jóṣúà ha "lè" kúrò, ó ń gbẹ́ "ṣeé" sípò rẹ̀ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀, kó ní òun kò mọ̀ ọ́n. Inú ṣì ń bí Ọdẹ́rìndé, èmi kò sì ní bẹ̀ ẹ́, nítorí òkú kì í jí gbọ́ àtúnṣe.