Ẹ̀bìrìpò Òkété Di Orúkọ Ìlú

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó yà sílé ìdáná Òkété, ìyá tó mọ ẹ̀bìrìpò sè, oúnjẹ kókò inú ewé.

Ẹ̀yin ọmọ, ìlú Òkété fẹ́ ṣe àjọ̀dún oúnjẹ. Ẹtu olóyè ní, "Ìyá, ẹ gbé oúnjẹ kókò yìí pamọ́, kó má dójú tì wá. Ìrẹsì la ó sè fún àlejò."

Ó dun Òkété, síbẹ̀ ó rin kókò rẹ̀, ó pọ́n ọn séwé, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ohun ìyá mi sè tí mo fi dàgbà,
*Kókò ilẹ̀ wa!*
Kò ní í tì mí lójú láéláé,
*Kókò ilẹ̀ wa!*

Àlejò dé. Lékeléke tọ́ ìrẹsì wò, ó ní, "A ní èyí nílé." Àparò náà wí bẹ́ẹ̀. Ẹyẹlé ò tilẹ̀ jókòó. Ó gbóòórùn ewé gbígbóná, ó tọ̀ ọ́ dé ìdí ààrò. "Ìyá, kí lẹ fi pamọ́ fún wa?"

Òkété tú ewé. Gbogbo àlejò wá jẹ, wọ́n tún dì lọ sílé.

Lọ́dún kejì, àlejò kún ọ̀nà bí eéṣú, wọ́n ń bèèrè ìlú ẹ̀bìrìpò. Ẹtu yan fanda bọ́ sí bodè: "Ìlú wa rè é!"

Òkété rẹ́rìn-ín. "Olóyè, ẹ káṣọ sókè. Kókò ṣì kù tí ẹ ó rin."

Ẹtu rin kókò títí, ọwọ́ ń yún un, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ ló ròkè jù:

*Kókò ilẹ̀ wa!*