Ẹ̀rí Tí Aránṣọ Jẹ́ fún Ọ̀gá Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní kàràtè. Lọ́jọ́ kan, jàǹdùkú kan yọ ọ̀pá irin sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà. Ọ̀gá kàràtè yìí yẹ̀ ẹ́, ó gba irin náà, ó sọ ọ́ sínú gọ́tà. Jàǹdùkú wá bú ìyá rẹ̀. Ni ọ̀gá bá fà á lápá, ó sì ṣẹ́ apá náà ní ìgbọ̀nwọ́.

Ọ̀ràn dé ilé ẹjọ́. Ọ̀gá ń tẹnu mọ́ ọn pé òun gbèjà ara òun ni, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá dìde, kò ní mọ ibi tó ń lọ. Ẹ̀wọ̀n ń bà á lẹ́rù gidigidi, torí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì kéré.

Ó bẹ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, obìnrin aránṣọ tí ìjà náà ṣojú rẹ̀, pé kó wá jẹ́rìí.

“Ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀gá,” ni obìnrin náà wí. “Màá sọ̀rọ̀ yín débi tí adájọ́ fúnra ẹ̀ á fi dìde kí yín.”

Ó sì sọ ọ́ lóòótọ́.

“Olúwa mi, bí èèyàn mẹ́ta bá ká ọ̀gá mi mọ́, ọ̀gá mi á dá gbogbo wọn dúró láìṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn.”

Orí ọ̀gá wú. Agbẹjọ́rò ìjọba dìde, kò tilẹ̀ jiyàn.

“Mo gbà yín gbọ́, mà. Èèyàn mélòó ló ká wọn mọ́ lọ́jọ́ náà?”

“Ẹnì kan ni, sà.”

“Irin ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́?”

“Ó ti wà nínú gọ́tà.”

“Kí ló wá ṣẹ́ apá rẹ̀?”

Obìnrin náà yíjú sí ọ̀gá rẹ̀ pé kó gba òun. Ọ̀gá ń wo ilẹ̀. Ó mọ̀ pé ìbínú ni, àánú obìnrin náà sì ṣe é ju ti ara rẹ̀ lọ.

Adájọ́ ní ẹni tí kò mọ ìjà lè sọ pé ọwọ́ òun ló ṣì, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa mú ọ̀gá lọ sẹ́wọ̀n.

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so ìgbànú dúdú àwọn ọ̀gá kàràtè mọ́ nídìí, tí ara rẹ ti ń yún ọ láti jà, ìwọ ni mo ń bá wí. Gbogbo ohun tí o mọ̀ nípa ìjà ni wọn yóò fi dá ọ lẹ́jọ́. Òfin ní kí o gba ara rẹ là. Kò ní kí o fìyà jẹ ẹni tí o ti borí. Bí o bá ti gba irin, máa lọ sílé. Jẹ́ kó bú ìyá rẹ. Èébú á rọ ìyá rẹ lọ́rùn ju kó máa gbé oúnjẹ wá bá ọ lẹ́wọ̀n lọ.