Ìlú Méjì Tó Ń Ṣọ́ Ara Wọn

Ọkùnrin kan ń gbé lórí ọ̀sà, kò ní ìlú kan pàtó. Inú ọkọ̀ rẹ̀ ló ti ń ta hóró oògùn fún àwọn atukọ̀, irú èyí tí kì í jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó ti rẹ̀ wọ́n. Ìlú méjì ló dojú kọ ara wọn létí ọ̀sà náà, ọ̀kan ní ìlà-oòrùn, èkejì ní ìwọ̀-oòrùn, olúkúlùkù pẹ̀lú baálẹ̀ tirẹ̀. Lọ́dọọdún ni àwọn ọ̀dọ́ wọn ń fi ọkọ̀ díje, ìlú tó bá sì borí a máa fi èkejì ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi yípo.

Lọ́dún kan, ìlà-oòrùn borí. Baálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn ní ojú lásán kọ́, wọ́n ti lo oògùn. Baálẹ̀ ìlà-oòrùn ní ẹni tó ń ṣe é ló mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, òun náà fura sí ọkùnrin olóògùn yìí, ó sì ní kí wọ́n lé e. Ọkùnrin náà kò janpata. Ó tukọ̀ sọdá. Àwọn ará ìwọ̀-oòrùn gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n ní ẹni tí ọ̀tá àwọn bá lé kò lè jẹ́ ènìyàn burúkú.

Nígbà tí ìdíje mìíràn dé, atukọ̀ kan láti ìwọ̀-oòrùn ṣubú lu àjẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e dé èbúté, ó ti kú. Baálẹ̀ rẹ̀ pariwo pé àwọn ará òdìkejì ló fún un ní májèlé jẹ.

Ìyá olóògbé, opó kan tó ń yan ẹja, kò bá wọn pariwo. Ó ti rí hóró oògùn lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ rẹ̀. Ó wọ ọkọ̀, ó dá tukọ̀ lọ bá baálẹ̀ ìlà-oòrùn. Baálẹ̀ rò pé amí ni. Ó bi í pé ta ló rán an.

"Ikú ló rán mi, Baba," ni obìnrin náà wí. "Ẹ̀ ń ṣọ́ wa, àwa náà ń ṣọ́ yín. Ta ló ń ṣọ́ ẹni tó ń ta hóró oògùn?"

Baálẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnìkejì rẹ̀. Orí omi ni wọ́n ti pàdé, nítorí kò sí èyí tó lè jẹun nílé èkejì. Wọ́n fẹnu kò pé ohun tó bá jẹ́ èèwọ̀ lápá kan gbọ́dọ̀ jẹ́ èèwọ̀ lápá kejì. Ẹni tí ìlú kan bá lé, èkejì kò ní fún un ní ibi tí yóò so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà ìlú kọ̀ọ̀kan yóò sì máa yẹ ẹrù àwọn atukọ̀ ìlú kejì wò. Ìwọ̀-oòrùn náà lé olóògùn, ó sì lọ fara pamọ́.

Láàárọ̀ ìdíje tó tẹ̀ lé e, àgbà kan láti ìwọ̀-oòrùn rí hóró oògùn nínú àpò Orímisàn, ọmọ baálẹ̀ ìlà-oòrùn, ẹni tó ń léwájú nínú ọkọ̀ wọn. Ojú baálẹ̀ yí padà. Ó dá a lójú pé wọ́n dọ́gbọ́n jù ú síbẹ̀ ni. Ó pe ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀, ó bi í. Ẹ̀ṣọ́ ní ojú òun kò kúrò lára àpò náà, ọwọ́ àlejò kankan kò sì kàn án títí Orímisàn fi ṣí i fúnra rẹ̀. Baálẹ̀ wo ọmọ rẹ̀. Ilẹ̀ ni ọmọ náà ń wò.

"Bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀," ni baba rẹ̀ wí.

Ìlà-oòrùn pàdánù lọ́jọ́ náà. Àmọ́ Orímisàn jẹ́wọ́ ibi tí olóògùn ń fara pamọ́ sí, ọkọ̀ ìlú méjèèjì sì ká a mọ́ láti ọ̀tún àti òsì. Ó wo ìhín, ó wo ọ̀hún, kò rí ibi tí yóò sọdá sí.

Ìwọ ọmọ mi, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ mínísítà eré ìdárayá, o ní o kò lè bá ìjọba orílẹ̀-èdè tó múlé tì wá tọwọ́ bọ̀wé lórí oògùn tí àwọn eléré ń lò, torí pé o kò fọkàn tán wọn. Àwọn baálẹ̀ wọ̀nyẹn náà kò fọkàn tán ara wọn dòní. Máa fura sí wọn, kò burú. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí wọ́n wọlé wá fura sí ìwọ náà. Ẹrù àwọn ọmọ tiwa ni kí o kọ́kọ́ ní kí wọ́n tú.