Atukọ̀ tí Kò Lo Ẹsẹ̀ Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà ní abúlé kan létí ọ̀sà, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fi ọkọ̀ àjẹ̀ gbé èèyàn sọdá. Alágbára ni. Àwọn èrò a máa yìn ín bí omi ṣe ń ta sókè nígbà tí ó bá ń tukọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá délé, ìyàwó rẹ̀ ní láti fi omi gbígbóná jó o léjìká kí ó tó lè sùn.

Ní ọjọ́ kan, ìyá àgbàlagbà kan wọ ọkọ̀ rẹ̀. Ìyá náà wò ó títí wọ́n fi dé àárín omi, ó wá ní, "Ọmọ mi, apá nìkan lò ń lò. Fi ẹsẹ̀ ti igi tí ó dábùú ọkọ̀ níwájú rẹ. Tẹ̀ síwájú láti ìbàdí, jẹ́ kí àjẹ̀ rì sómi tán kí o tó fà á, kí o sì yọ ọ́ bí ó bá ti dé ẹ̀gbẹ́ itan rẹ. Bí o bá fà á kọjá ibẹ̀, omi lò ń gbé sókè, o kò ti ọkọ̀ síwájú mọ́."

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Ojú ti ọkùnrin náà, inú sì bí i. Ó ní, "Ìyá, ṣé iṣẹ́ tí mo fi ń bọ́ ilé mi lẹ fẹ́ wá kọ́ mi?" Nígbà tí ọkùnrin náà délé, ó ro gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ bí ẹni ń rojọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìyàwó yìí bẹ̀rẹ̀ sí rọbí. Agbẹ̀bí abúlé yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹsẹ̀ ni ọmọ fẹ́ fi wáyé, kí wọ́n tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní òdìkejì ọ̀sà. Àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ti lọ sọ́jà. Ọkùnrin náà gbé aya rẹ̀ àti agbẹ̀bí sínú ọkọ̀, wọ́n forí lé òdìkejì.

Atẹ́gùn dojú kọ wọ́n. Ó fi gbogbo agbára apá fa àjẹ̀, omi ń ta, ọkọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n tó dé ìdajì, èjìká rẹ̀ ti kọṣẹ́. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí padà sẹ́yìn. Ọkùnrin náà bú sẹ́kún.

Ìyàwó rẹ̀ di etí ọkọ̀ mú. Ó ní, "Olówó orí mi, ohun tí ìyá yẹn sọ, ṣe é. Ṣe é fún mi."

Ó fi ẹsẹ̀ ti igi náà. Ó tẹ̀ síwájú, ó jẹ́ kí àjẹ̀ rì, ó wá fi itan àti ẹ̀yìn fà á. Ọkọ̀ ta síwájú. Ó yọ àjẹ̀, ó mí, ó jẹ́ kí ọkọ̀ yọ́ lọ díẹ̀, ó tún tẹ̀. Omi kò ta sókè mọ́. Agbẹ̀bí ní, "Ilẹ̀ ti ń sún mọ́ wa o!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gúnlẹ̀. Ìyá yè, ọmọ yè.

Nígbà tí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ tán, tọkọtaya gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbàlagbà náà. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Ìyá, ẹ ṣeun. Ìbínú ni mo fi dá yín lóhùn, ọ̀rọ̀ yín ló sì gbé wa dé èbúté."

Ìyá náà fẹ́ gba ọmọ. Ìgbà náà ni ọkùnrin náà tó rí i pé apá ọ̀tún ìyá náà kò ṣeé gbé. Ìyá náà ní, "Èmi náà tukọ̀ rí. Bí o ṣe ń tù ú yẹn ni mo ṣe tù ú títí èjìká mi fi bàjẹ́. Nígbà tí mo rí ọ, mi ò lè dákẹ́." Ó ní kí ó bá òun gbé apá náà sókè. Ó bá a gbé e, ìyá náà sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọmọ mọ́ra.

Bàbá Fadérera, ìdí tí mo fi pè yín jókòó nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n yín sọ fún yín pé ohùn yín ti le jù lórí àwọn ọmọ, láti ìgbà náà ẹ kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Kò wá fi yín ṣẹlẹ́yà. Ta ló mọ ohun tí ohùn líle ti gbà lọ́wọ́ òun náà? Ẹni tí kò fẹ́ràn yín ì bá dákẹ́, ì bá máa wò yín. Ẹ dìde, ẹ lọ sílé rẹ̀ lónìí. Ẹ má ṣàlàyé, ẹ má rojọ́. Ẹ sọ fún un pé ẹ ṣeun, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó jẹ́ kí ẹ ṣì ní ẹni tí ó lè bá yín wí.