Egbò Tó Wà Láyà Sọ́rì

Nígbà láéláé, nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó ń jẹ́ Sọ́rì. Egbò ńlá kan wà láyà rẹ̀, torí inú ìrora ni wọ́n ti bí i. Ẹni tó bá fẹ́ rán an níṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbé e pọ̀n. Egbò náà á sì máa ta ẹni náà lẹ́yìn títí yóò fi tún ohun tó bàjẹ́ ṣe.

Sọ́rì bá ọkọ̀ ojú omi dé etíkun wa, ó sì wọ̀ sílé Òbúkọ.

Lọ́dún náà, Òbúkọ jẹ ẹ̀pà irúgbìn tí Awó, ẹyẹ aládùúgbò rẹ̀, so sókè ààrò. Akèrègbè kan péré ni. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ọmọ Awó mẹ́fà sì ń wo ọwọ́ ìyá wọn.

Àṣà ìlú ni pé ẹni tó bá jẹ irúgbìn ẹlòmíì yóò wá òmíràn, yóò gbé ọkọ́, yóò gbìn ín fún un, kó tó la ẹnu bẹ̀bẹ̀.

Òbúkọ wo oòrùn, ó wo ọkọ́.

"Sọ́rì, ìwọ lo máa bá mi lọ bẹ Awó."

"Ó dáa. Ẹ gbé mi pọ̀n."

"Kí n gbé egbò pọ̀n? Ṣé orí mi dàrú ni?"

Ó ki Sọ́rì mọ́lẹ̀, ó fi irùngbọ̀n nu egbò náà títí àyà rẹ̀ fi jọ̀lọ̀. Sọ́rì wá fúyẹ́ bí òwú. Òun nìkan ló lọ.

Awó wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ lo jẹ irúgbìn mi?"

"Rárá, ìyá."

"Ó fi òmíràn rán ọ?"

"Rárá, ìyá."

"Wàá bá mi kọ ebè?"

"Mi ò ní ọkọ́."

"Kí lo wá ṣe nílé mi nígbà náà?"

"Wọ́n ní tí mo bá ti dé, kí ẹ má bínú mọ́."

Awó gbọn ìyẹ́ rẹ̀. "Padà. Sọ fún Òbúkọ pé àwọn ọmọ mi ò lè jẹ ọ́."

Òbúkọ kò wá. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ló tún rán Sọ́rì. Òjò kọjá. Nígbà tí ọyẹ́ dé, méjì nínú àwọn ọmọ Awó ti kú.

Ọjọ́ tí wọ́n sin wọ́n ni Òbúkọ tó yọjú, ó sì tún ti Sọ́rì síwájú. Òórùn burúkú kan gba gbogbo agbolé. Wọ́n wá ibi tó ti ń wá títí, àṣé inú irùngbọ̀n Òbúkọ ni. Ó sáré lọ wẹ̀, ó fi kànrìnkàn bó o, kò lọ.

Láti ọjọ́ náà ni òbúkọ ti ń rùn, tí Sọ́rì sì ń wọ ilé gbogbo láìmú ohunkóhun dání.

Ìwọ ọmọ tó ń ka èyí, bí o bá da omi ẹlòmíì nù, gbé korobá, kí o lọ pọn òmíràn. Bí Sọ́rì nìkan lo bá rán, fọwọ́ pa àgbọ̀n rẹ, kí o sì gbóòórùn ọwọ́ náà.