Ẹṣin Tó Ń Fi Ẹsẹ̀ Ríro Ṣe Ìran

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi já gììrì, ó já sí ẹsẹ̀ iwájú Ẹṣin, oníjó Ọba Erin. Ijó ló ń jó tí iṣan ẹsẹ̀ náà fi ya. Ìgbín oníṣègùn dì í, ó sì kọrin fún un. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹṣin, má fò mọ́ o.
*Jẹ́ẹ́jẹ́.*
Iṣan ń so pọ̀ o.
*Jẹ́ẹ́jẹ́.*

Ewúrẹ́ wá kí i. "Pẹ̀lẹ́, oníjó ọba. Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an?"

Ẹ̀yin ọmọ, Ẹṣin kì í rí òǹwòran kó jókòó jẹ́ẹ́. Ó fò láti fi hàn án. Iṣan tún ya. Pẹ́pẹ́yẹ dé, ó béèrè, Ẹṣin tún fò.

Ìgbín bínú. "Bí o bá fò lẹ́ẹ̀kẹta, o ò ní jó mọ́ láyé!"

Lọ́jọ́ kejì, Ọba Erin fúnra rẹ̀ dé. "Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀?"

Ara ń yún Ẹṣin, àmọ́ ẹ̀rù bà á. "Kábíyèsí, Ìgbín ní n kò gbọdọ̀ fò. Bí ẹ̀yin bá fò díẹ̀, á yé yín."

Erin fò. Iṣan tirẹ̀ náà ya, ó sì dùbúlẹ̀ ti Ẹṣin. Gbogbo ìlú wá ń bi Kábíyèsí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wo Ẹṣin mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ jinná. Ó ti ń jó láàfin báyìí. Erin ṣì ń fi hàn wọ́n.

Ẹ má fi ìrora yín ṣe ìran o. Bí mo bá purọ́, kí n má lè dìde lórí àpótí yìí.